Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Àwọn Ìtàn Tá A Yọ Kúrò

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ̀yin òǹkàwé àti òǹkọ̀wé tẹ́ ẹ ń sanwó lóṣooṣù kí ilé ìtàn orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí má baà kú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìpamọ́ra. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Ẹni tó jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó kọjá, tó ń wá ìtàn tó ti ń kà bọ̀ láti oṣù mẹ́ta tí kò rí i, tó tún wá rí i pé owó oṣù ti kúrò ní ₦1,500 ó ti di ₦2,000, kò sí bí kò ṣe ní sọ pé Bọ̀ọ̀dá Ẹ́dítọ̀ ti jalè. Àwọn kan nínú yín ti sọ ọ́ ná. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Èyí tó ní kí n lọ máa ta búrẹ́dì, mo ka ìyẹn náà. Ìyàwó mi ń ta búrẹ́dì. Búrẹ́dì yẹn la jẹ lóṣù tó kọjá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi ni pé kì í ṣe èmi ni mo gbógun ti àwọn ìtàn yẹn. Owó ló gbógun tì wọ́n.

Tẹ́ ẹ bá fi káàdì sanwó, owó náà kì í wọ àkáǹtì wa tààrà. Ilé-iṣẹ́ kan wà láàárín tó ń gbà á lọ́wọ́ báńkì yín, tó ń yọ tiẹ̀, tó sì ń fi ìyókù ránṣẹ́ sí wa. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí abẹ́ wọn ni mo ṣì wà. Lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá, aago márùn-ún ìdájí, wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì fóònù mi ti pọ́n, ni lẹ́tà wọn wọlé. Wọ́n ní àwọn ti dá owó wa dúró ná, àwọn ń yẹ̀ wá wò, nítorí àwọn gbọ́ pé à ń ta nǹkan àgbàlagbà. ₦612,000 ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà yẹn. Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tèmi, ti àwọn òǹkọ̀wé ni.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi di owó náà mú. Ní ọjọ́ kẹfà, arábìnrin kan tó ń kọ̀tàn fún wa láti Òṣogbo pè mí. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn. Ó rọra bi mí ni pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ rò pé á wọlé kí wọ́n tó ti ìforúkọsílẹ̀ WAEC?" ₦18,400 ni gbogbo owó tó ń retí. Mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Kò fèsì. Ó wọ yàrá lọ, ó mú owó àjọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, ó gbé e sórí tábìlì níwájú mi, ó padà sídìí mílíìkì tó ń tò sórí pẹpẹ. Owó yẹn la fi san ti àwọn òǹkọ̀wé mọ́kànlá. Mi ò tíì dá a padà tán títí di òní. Ẹni tó bá ń bi mí pé ibo ni ₦500 tá a fi lé e ń lọ, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù nínú lẹ́tà náà ni mò ń bọ̀ wá kàn báyìí. Wọ́n to ojú ewé mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ní ìsọkúsọ wà nínú wọn. Mo ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàdínlógún nínú wọn, mi ò lè purọ́, ìtàn inú yàrá ni lóòótọ́, ẹni tó kọ wọ́n gan-an ò ní lè kà wọ́n sétí ìyá rẹ̀. Àmọ́ méje tó kù! Ọ̀kan jẹ́ ìtàn baba àgbẹ̀ kan ní Òkè-Ògùn. Òǹkọ̀wé wa ò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bí ọ̀pọ̀ yín ti máa ń ṣe. Bó ṣe kọ ọ́ rèé: "Baba gbe oko re le ejika, o mu ona pon." Gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló mọ̀ pé ọkọ́ tá a fi ń roko ni baba gbé léjìká. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń túmọ̀ Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ò mọ̀. Ó wo ọ̀rọ̀ náà títí, ó mú ìtumọ̀ tó burú jù lọ nínú rẹ̀, ló bá ròyìn fún àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé baba arúgbó kan gbé nǹkan ọkùnrin rẹ̀ lé èjìká láàárọ̀ kùtù, ó ń bá a lọ lójú títì.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo rántí ₦612,000 ni ẹ̀rín tán.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ̀wé sí wọn. Mo to gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bíi tíṣà aláàkọ́bẹ̀rẹ̀: oko tá à ń lọ, ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tá a fi ń kọ ebè, ọkọ̀ tá à ń wọ̀, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi ń gún ẹran. Ẹni tó dá mi lóhùn dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún sùúrù tí mo ní, ó sì ní kí n yọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún kúrò. Mo yọ wọ́n. Baba àgbẹ̀ bá àwọn oníyàrá lọ.

Ẹ ó ní kí n fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ní Peckham àti Houston, ọ̀nà wo lẹ fẹ́ máa gbà sanwó nígbà náà? Ọ̀dọ̀ yín ni ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá owó wa ti ń wá. Òmíràn tí mo lọ bá, àdéhùn tí wọ́n gbé fún mi kà ò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, bíi pé ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì. Kì í sì í ṣe àwa nìkan lọ̀rọ̀ yìí dé bá. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2021, OnlyFans, tí gbogbo ayé mọ ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀, kéde pé tó bá fi máa di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, àwọn ò ní gba fídíò ìbálòpọ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn báńkì ló fà á. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sọ pé àwọn ti yanjú ẹ̀. Wọ́n lówó, wọ́n lẹ́nu. Lóṣù Keje ọdún 2025, itch.io, níbi tí àwọn tó ń ṣe géèmù ti ń tajà, fi àwọn géèmù àgbàlagbà pamọ́ síbi tí ẹni tó ń wá wọn ò ti ní rí wọn, torí àwọn agbowó yìí kan náà. Èmi tí mò ń fi jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ṣe ẹ́dítì, ta ni mo jẹ́?

Bàbá wa kan, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, kọ̀wé sí mi pé mo ti di ojo, pé ṣebí Sẹ̀gilọlá ló ṣíwájú nínú ìtàn àròsọ Yorùbá. Ẹ ò parọ́, sà. Láti 1929 wọ 1930 ni I. B. Thomas fi ń tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ jáde nínú Akéde Èkó, tó ń ròyìn bó ṣe lo ìgbà èwe rẹ̀ láàárín àwọn ọkùnrin, àwọn òǹkàwé sì gbà pé èèyàn gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé sí i. Ṣùgbọ́n Thomas ló ni ìwé ìròyìn rẹ̀, sà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á, á sanwó, á gbàwé, ó parí. Kò sẹ́ni tó jókòó sí òkè òkun tó lè di kọ́bọ̀ rẹ̀ mú. Ó tún ku ọ̀kan: àìsàn ń ṣe Sẹ̀gilọlá, ó ń kábàámọ̀ lójú ewé gbogbo. Àwọn tiwa ò kábàámọ̀ rárá.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ tẹ́ ẹ ti ń kọ "Ògo ni fún Ọlọ́run" láti ọjọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Mi ò yọ ìtàn wọ̀nyẹn torí pé ẹ borí. Nínú ìtàn mẹ́wàá tí wọ́n ń kà jù lọ lọ́dọ̀ wa, mẹ́fà jẹ́ ti inú yàrá, kì í sì í ṣe àwọn ọmọkùnrin nìkan ló ń kà wọ́n láàárín òru. Mi ò wo orúkọ o. Ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní "àgbà ni mí, owó mi ni mo san, ohun tó wù mí ni n ó kà," mo gbọ́ yín, òótọ́ lẹ sọ. Owó yín náà ló há sọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ mọ́kàndínlógún.

Ní ti dọ́là, tó wà lára ohun tó mú ká fowó lé e, mi ò ní fà á gùn. Dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n là ń san lóṣù fún ibi tí ìtàn wa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, bí ₦11,500 nìyẹn. Nígbà tó di ọdún 2024, ó ti lé ní ₦37,500. Dátà tí mo fi ń ṣiṣẹ́ náà gbówó lórí lọ́dún 2025, ẹ̀yin náà ń rà á, ẹ mọ̀.

Ohun tá a wá ń ṣe rèé. Ìtàn ìfẹ́ ṣì wà, kí olólùfẹ́ méjì fẹnu konu, kí wọ́n wọlé, kí òǹkọ̀wé ti ilẹ̀kùn. Ìwàásù àti àdúrà aago méjìlá òru, ọjọ́ Àìkú nìkan. Ìpolongo olóṣèlú, rárá. Ìtàn tí ẹ̀rọ bá kọ, rárá: ẹnìkan fi ọ̀kan ránṣẹ́ níbi tí ìyá àgbà ti ń gbọ́n yìnyín kúrò lórí bàtà rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti ìsinsìnyí lọ, ìtàn tí kò bá lámì, a ò ní gbé e jáde. Láti 2019 ni mo ti ń bẹ̀ yín lórí àmì yìí, nígbà tá a ṣì wà nínú gúrúùpù WhatsApp tí kò lè gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹ sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo fẹ́ sọ yín di ọmọ iléèwé.

Ẹni tó ti san tọdún, a ò fi kọ́bọ̀ lé tiẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó oṣù yìí padà, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ kí oṣù tó parí, n ó san án, bí ò tiẹ̀ ní jẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, tẹ́ ẹ bá lè máa fi owó ránṣẹ́ tààrà sínú àkáǹtì wa, ẹ ti ràn wá lọ́wọ́. Ẹ má pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ìyàwó mi ti sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Baba àgbẹ̀ ń padà bọ̀ lọ́jọ́bọ̀. Mo jókòó tì í fún alẹ́ méjì, mo fi àmì sí i láti òkè délẹ̀. Ọkọ́ ló wà léjìká rẹ̀.

Èmi ni,
Bọ̀ọ̀dá Ẹ́dítọ̀ yín,
Ìbàdàn.