Oògùn Ojú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Cataract Kì Í Ṣe Ọ̀kan Náà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè láti bá àwa ará ilẹ̀ Ọ̀kun sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn tó ń tọ́jú òbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ cataract fún, ìyẹn àrùn tó máa ń mú kí dígí inú ẹyinjú ṣú, tí kò sì ní jẹ́ kí èèyàn ríran dáadáa. Prednisolone ni dókítà kọ fún ìyá àgbà kan ládùúgbò wa ní Kàbà, ṣùgbọ́n gentamicin ni wọ́n tà fún un ní kẹ́mísì, wọ́n ní oògùn ojú ni oògùn ojú ń jẹ́. Ojú màmá pọ́n kankan, ó ń ta wọ́n, wọn kò sì lè wo ìmọ́lẹ̀, títí wọ́n fi gbé wọn padà sí ilé ìwòsàn.

Kòkòrò àrùn ni gentamicin àti chloramphenicol ń pa. Wọn kì í wo ojú tó wú nítorí iṣẹ́ abẹ. Stẹ́rọ́ìdì, bíi prednisolone àti dexamethasone, ń mú wíwú náà rọlẹ̀ dáadáa, àmọ́ ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga láìsí ìrora kankan. Ketorolac, diclofenac àti nepafenac náà ń mú wíwú rọlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe stẹ́rọ́ìdì, wọn kì í sì í sábà gbé ìfúnpá náà sókè. Wọ́n lè ta ojú díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń dènà omi tó máa ń gbárajọ sí apá ẹ̀yìn nínú ẹyinjú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, èyí tó sábà máa ń bá alátọ̀gbẹ jà. Nígbà mìíràn, dókítà á kọ stẹ́rọ́ìdì àti ọ̀kan nínú wọn papọ̀. Lójú tèmi, ẹni tó yẹ ojú náà wò nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti yàn.

Prednisolone tún máa ń silẹ̀ sídìí ìgò bí ògì, nítorí náà ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó kán an.

Èyí tó ń kọ mí lóminú jù ni ìgò tó ṣẹ́kù, tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ láti kán sójú ẹlòmíràn. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007, cataract ló fa 43% ìfọ́jú láàárín àwọn tó ti tó ẹni 40 ọdún, glaucoma, àrùn tí ìfúnpá inú ojú tó ga sábà máa ń fi ba iṣan ìríran jẹ́, sì fa nǹkan bí 17%. Iṣẹ́ abẹ lè dá ìríran tí cataract bò padà. Èyí tí glaucoma bá gbà ti lọ nìyẹn, stẹ́rọ́ìdì tí a ń kán láìsí àyẹ̀wò sì lè fà á.

Mo bẹ àwọn ilé ìwòsàn wa pé kí wọ́n máa fi Yorùbá kọ orúkọ oògùn, iye ìgbà tí a ó kán an, bí a ó ṣe dín in kù díẹ̀díẹ̀ àti ọjọ́ tí a ó padà wá wọn ìfúnpá ojú. Kí kẹ́mísì tí kò bá sì ní oògùn tí dókítà kọ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹbí aláìsàn lè tètè wá a lọ sí Lọ́kọ́ja.

Òǹkàwé yín,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí