Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí ṣọ́ọ̀bù fi ń ṣí ní ọjọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo ará ilé yín. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wa ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́, ti ń ṣí ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì nìkan, láti aago 10 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn náà sì ń yí ọ̀rọ̀ po, nítorí pé wọn kò fẹ́ tú àṣírí ọ̀gá wọn. N kò fẹ́ kí wọ́n máa purọ́ nítorí tèmi mọ́, ni mo ṣe ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́.

Àrùn jẹjẹrẹ ọyàn ni ó ń ṣe mí. Kókó kékeré kan ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ bà. Kò dùn mí rárá, mo sì rò pé ohun tí kò bá ti dunni kì í ṣe àìsàn. Nígbà tí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti dé egungun ẹ̀yìn àti ti ìbàdí. Ìpele kẹrin ni wọ́n ń pè é. Ní ìpele yìí, oògùn lè dẹ àìsàn náà lọ́wọ́, ó sì lè fi kún ọjọ́ ẹni, ṣùgbọ́n kò lè lé e lọ pátápátá. Bí dókítà ṣe sọ ọ́ fún èmi àti ọkọ mi nìyẹn, kò fi ohun kankan bò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí pé mélòó ni wọ́n ní ó kù. N kò béèrè.

Jẹjẹrẹ kì í ràn. Mo ní láti sọ èyí nítorí pé oníbàárà kan rán ọmọ wá gba léèsì rẹ̀ tí a kò tíì gé, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé òun tó fọwọ́ kàn án. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sì dá aṣọ rẹ̀ padà pẹ̀lú àsansílẹ̀ rẹ̀, kọ́bọ̀ kan kò dín.

Àmọ́ ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé gan-an ni pé inú mi ń dùn, mo sì mọ̀ pé yóò ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí egungun kò jẹ́ kí n sùn, n kò lè ronú kan ohunkóhun ju ìgbà tí ilẹ̀ yóò mọ́. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni wọ́n ti fún mi ní radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán, fún egungun ẹ̀yìn, tí wọ́n sì fún mi ní mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tí mò ń wọ̀n mu. (Ó máa ń dí ènìyàn nínú, nítorí náà èmi àti ìbẹ́pẹ ti di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn.) Nọ́ọ̀sì kan níbẹ̀ ló sọ fún mi nípa Cicely Saunders, ẹni tí ó ṣe nọ́ọ̀sì rí kí ó tó di dókítà, tí ó sì dá St Christopher's, ilé ìtọ́jú àwọn tí ikú ń sún mọ́, sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967. Obìnrin yìí kọ́ àwọn oníṣègùn pé ìrora ẹni tí ikú ń sún mọ́ kì í ṣe ti ara nìkan, pé ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, àníyàn owó àti ọmọ wà nínú rẹ̀, ti ẹ̀mí náà sì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì náà wá bi mí pé, "Màmá, kí ni ẹ fẹ́ràn láti máa ṣe?" Mo ní kí n máa gé aṣọ. Ó ní ó dáa, a ó wọ̀n oògùn náà débi tí ọwọ́ yín yóò fi lè gé aṣọ.

Bí mo ṣe padà sídìí tábìlì nìyẹn. Apá òsì mi kò gbé sókè dáadáa mọ́, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ kan ni ó ń bá mi di etí aṣọ mú, èmi a sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, n ó wá ti àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́. Àńkárá tuntun tí kò tíì kan omi máa ń dún lábẹ́ àlùmọ́gàjí tó mú. Ọdún 29 ni mo fi gbọ́ ìró yẹn láìfetí sí i.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irọ́ kò jìnnà sí àwa aránṣọ. "Ẹ padà wá lọ́jọ́ Sátidé" ti jáde lẹ́nu mi fún aṣọ tí n kò tíì tú nínú ọ̀rá, mo sì ti sá gba ẹ̀yìnkùlé nítorí oníbàárà rí. Ní báyìí tí ọjọ́ ti níye lọ́wọ́ mi, ojú ń tì mí láti dá ọjọ́ èké fún ẹlòmíràn. Aṣọ méjì ni mò ń gbà lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí mo bá sì dá ni yóò jáde. Nígbà tí mò ń rán ọgọ́ta aṣọ ẹbí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó ń wọlé, ṣùgbọ́n n kò mọ ẹni tí ó wọ èyíkéyìí nínú wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọdébìnrin kan wá wọ ẹ̀wù ọjọ́ ìbí rẹ̀ wò; ó yí po níwájú dígí lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbé ìdí sókè, ó tó wá fi ohùn àgbà sọ pé ó há òun lábíyá. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀yìn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún mi.

Ọjọ́ mìíràn wà tí n kì í lè dìde, tí inú a sì máa bí mi sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí. Ẹ má bínú bí ẹ bá bá mi lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má fi ojú ọ̀fọ̀ wò mí. Bí ọrùn bùbá bá wọ́, ẹ bá mi jà lórí rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Aṣọ ẹbí àti aṣọ kánjúkánjú ti di ti ọmọ iṣẹ́ mi àgbà, tí ó gba fíríìdọ́ọ̀mù lọ́dún tó kọjá. Ìwé ìwọ̀n gbogbo yín ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àsansílẹ̀ lọ́dọ̀ mi lè gbà á padà, tàbí kí ó jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi náà bá a rán aṣọ rẹ̀. Ó ku aṣọ mẹ́rin lára ògiri tí a ti rán tán tí ẹnikẹ́ni kò wá mú, bùbá àdìrẹ kan sì wà nínú wọn tí mo fi ọwọ́ ṣe gbogbo ojú bọ́tìnì rẹ̀. Ẹ wá mú un lọ́jọ́ Ẹtì, mo fẹ́ rí i lọ́rùn yín.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ, Òkè-Àró