Ẹ Má Gbàgbé Òkúta: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọ̀dọ́ Tó Ń Fi Kọ̀ǹpútà Wá Epo

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ń bá kọ̀ǹpútà ṣọ́nà mọ́jú, tí ẹ ń bẹ Ọlọ́run kí ìṣirò parí kí NEPA tó mú iná. Iṣẹ́ tí mo fi ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún ṣe nìyẹn: ká fi ìṣirò mọ bí epo rọ̀bì ṣe wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ká sì sọ bí yóò ṣe máa jáde lọ́jọ́ iwájú. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dìde: ẹ má jẹ́ kí àwòrán orí kọ̀ǹpútà mú yín gbàgbé òkúta.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé adágún dúdú kan ló wà lábẹ́ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ihò tíntìntín tó wà lára òkúta ni epo ń gbé, bí omi ṣe ń fara pamọ́ sínú iyanrìn etí òkun. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́, ọ̀gá mi gbé ègé òkúta kan lé mi lọ́wọ́, èyí tí wọ́n gé láti inú kànga epo, ó ní kí n kán omi sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, omi ti wọlé, ojú òkúta ti gbẹ. Ó gbé òmíràn fún mi. Omi dúró lórí tiẹ̀ bí omi orí ewé kókò.

Inú iyanrìn náà ni òfin tí ẹ fi ń ṣírò bí epo ṣe ń ṣàn ti jáde. Ní ìlú Dijon, Henry Darcy, ẹlẹ́njiníà ará Faransé, da omi gba inú iyanrìn, ó wọn bó ṣe ń kọjá, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1856. Omi tí ará ìlú yóò mu ló ń wá. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kan epo ní Oloibiri, nílẹ̀ wa Nàìjíríà.

Lónìí, a ń gé ilẹ̀ sí búlọ́ọ̀kù búlọ́ọ̀kù nínú kọ̀ǹpútà. Ilẹ̀ inú kọ̀ǹpútà yìí là ń pè ní àwòṣe. Àwòṣe kan tí SPE, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́njiníà epo rọ̀bì, gbé jáde lọ́dún 2001 fún ìdánwò ní búlọ́ọ̀kù 1,122,000. Ẹ bi ara yín léèrè: kànga mélòó lẹ gbẹ́ tí ẹ fi mọ nọ́ńbà tó yẹ kó wà nínú gbogbo búlọ́ọ̀kù tiyín? Àbá ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe. Omi tí àwòṣe mi ń sọ kò bá omi tí kànga kan ń pọ̀ jáde mu. Mo sọ permeability àyíká kànga náà, ìyẹn bí òkúta ṣe ń jẹ́ kí nǹkan ṣàn gba inú rẹ̀ tó, di ìlọ́po mẹ́wàá, láìbi onímọ̀ òkúta kankan. Ìlà àwòṣe àti ìlà kànga lẹ̀ mọ́ra wọn pẹ́kípẹ́kí, gbogbo wa sì yọ̀. Wọ́n tẹ̀ lé àwòṣe yẹn gbẹ́ kànga tuntun. Kò pé ọdún tí omi fi gbà á pátápátá. Ẹnikẹ́ni kò bá mi wí, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà tí mo yí.

Nítorí náà, tí àwòṣe yín bá bá àná mu, ẹ má tíì jó. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àwòṣe ló lè bá àná kan náà mu, kí ọ̀la wọn má sì jọra rárá. Ẹ ṣe àwòṣe púpọ̀. Ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé èyí tó kéré jù nìyí, èyí tó pọ̀ jù nìyí, bí wọ́n tilẹ̀ ń fẹ́ nọ́ńbà kan péré. Gbogbo ohun tí ẹ bá yí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ tì í.

Ẹni tí kò rówó ra sọ́fúwíà ńlá, OPM Flow àti MRST wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìmọ̀ yìí kò sì ní bá epo kú: láti 1996 ni wọ́n ti ń fa gáàsì kábọ́ọ̀nù sínú òkúta ní Sleipner, lójú òkun Norway, ìṣirò wa yìí náà ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ ibi tó ń rìn dé.

Ègé òkúta ọjọ́sí ṣì wà lórí tábìlì mi. Ẹni tó bá yà kí mi nínú yín, n ó bu omi fún un: kó mu díẹ̀, kó kán ìyókù sí òkúta náà.

Èmi ni, bàbá yín lẹ́nu iṣẹ́.