Ó Tó Àkókò Ká Bá Adìẹ Náà Wí

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lórí àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà tó ń kọ ìtàn ọmọ wa lókè òkun, ló mú mi gbé kálàmù. Ẹni tó kọ ọ́ ní àwọn òǹkọ̀wé yìí ti bá wa já irọ́ tí òyìnbó ń pa mọ́ wa, pé òtòṣì ni gbogbo wa, pé a ò mọ nǹkan kan. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan irọ́ tí àwa fúnra wa ń pa mọ́ ara wa nínú àwọn ìwé kan náà, òwe ló fi gbé e jù sẹ́yìn: ó ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Ibẹ̀ ni mi ò ti lè dákẹ́.

Iṣẹ́ irun dídì ni mo ṣe ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fún ọdún 11 kí n tó padà sí Ìbàdàn. Ọmọ mi obìnrin ló fún mi ní Americanah, ìwé ìtàn àròsọ tí Chimamanda Ngozi Adichie, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, gbé jáde lọ́dún 2013. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ ka eléyìí, ṣọ́ọ̀bù yín ló wà níbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Ifemelu, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Princeton, ní Amẹ́ríkà, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ dirun ní ìlú Trenton. Aisha, ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ló bá a dì í. Nígbà tí Aisha bi í pé ọdún mélòó ló ti lò ní Amẹ́ríkà, ó fi ọdún méjì kún un, ó ní 15, kí wọ́n lè fi ojú àgbà wò ó. Mo mọ irọ́ yẹn dáadáa. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ẹni tó jókòó síwájú mi.

Ohun tó dùn mí ni pé ojú ẹni tó jókòó nìkan la fi ń wo ṣọ́ọ̀bù náà. A rí àrùn tó wà lára awọ Aisha, a gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó ń já, a rí i bó ṣe ń bẹ Ifemelu kó bá òun bá àwọn ọkùnrin Ígbò tó ń fẹ́ òun sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹni tó dúró lẹ́yìn àga ń rí. Kí oníbàárà tó dé, a ó ti tú àtáṣímẹ́ǹtì, a ó ti fà á kí ẹnu rẹ̀ má baà dọ́gba, a ó sì ti kọ́ ọ sí ẹ̀yìn àga ní ìdì-ìdì. A ó fi ìrù òòyà la irun, a ó rọra dì í níwájú orí kó má baà fà tu. Tó bá di alẹ́, tí ẹsẹ̀ ti wú, a ó se omi nínú kẹ́tùlù, a ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọrùn oníbàárà, a ó wá máa ti ṣóńṣó irun bọ omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ kó má baà tú. Àtàǹpàkò mi ọ̀tún kò tíì bọ̀ sípò títí di òní.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tó wà ní yunifásítì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí mo ṣe ń dì í lórí lọ́wọ́. Yorùbá ni, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé àwọn obìnrin tó ń dirun níbí, irun yìí nìkan ni wọ́n mọ̀ láyé. Mo ní ìwé ẹ̀rí NCE nínú ìmọ̀ ìṣirò, mo sì ti ṣe tíṣà fún ọdún mẹ́fà kí n tó kúrò nílé. Mo di ìyókù irun náà fún un, mi ò fèsì.

Mi ò ní fi nǹkan kan du òǹkọ̀wé náà. Nígbà tó yá, Aisha bú sẹ́kún, ó ní bàbá òun kú, òun ò sì lè lọ sílé nítorí pépà, ìwé ìgbélùú. Ọkàn Ifemelu rọ̀, ó ṣèlérí pé òun á lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Mo pa ìwé náà dé níbẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kí n tó lè ṣí i padà. Bàbá tèmi kú lọ́dún kẹrin tí mo dé Lọ́ńdọ̀nù, èmi náà ò ní pépà. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù sẹ́nu ibojì kí n lè gbọ́ bí yẹ̀pẹ̀ ṣe ń dún lórí pósí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, oníbàárà aago mẹ́sàn-án jókòó, mo sì di irun rẹ̀. Mi ò sunkún lójú rẹ̀. Bí mo bá wà nínú ìwé, àbí n kì bá tí di ènìyàn lójú òǹkàwé, níwọ̀n ìgbà tí mi ò sunkún?

Adichie fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa èyí. Nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní gbangba lọ́dún 2009, ó ròyìn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, tí ẹnu yà pé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tó tún ní kó jẹ́ kóun gbọ́ orin ìbílẹ̀ rẹ̀, tí Adichie sì fi kásẹ́ẹ̀tì Mariah Carey hàn án. Gbogbo ènìyàn ló rántí ìyẹn. Àwọn tó rántí Fide, ọmọ ọ̀dọ̀ ilé wọn nígbà tó wà lọ́mọdé, kò pọ̀. Ìṣẹ́ ilé Fide nìkan ni wọ́n ń sọ fún Adichie, títí ó fi dé abúlé Fide tó rí apẹ̀rẹ̀ aláràbarà tí ọmọ ìyá Fide hun, tó wá mọ̀ pé òṣì nìkan kọ́ ló wà nílé wọn. Apẹ̀rẹ̀ Aisha ni mo wá títí nínú ìwé yẹn.

Ní ti àwọ̀, mo gba ohun tí Ifemelu sọ, pé ìgbà tóun dé Amẹ́ríkà lòun tó di dúdú. Adúmáadán ni ìyá bàbá mi máa ń pè mí, oríkì ni. Ní Lọ́ńdọ̀nù, dúdú kan náà di àpótí kékeré tí mò ń fàmì sí nínú fọ́ọ̀mù.

Ó wá ku akátá inú òwe yẹn. Ẹranko ìgbẹ́ tó ń gbé adìẹ jẹ ni. Orúkọ yẹn náà la sì ń pe aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, a sì ń pe àwọn ará Jàmáíkà bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa, èmi náà pẹ̀lú. Obìnrin Jàmáíkà kan tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa gbọ́ ọ títí, ó wá bi mí pé kí ló túmọ̀ sí. Mo ní "aládùúgbò" ni. Ó dúpẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kí wa láràárọ̀. Ó ṣì ń dùn mí. Lọ́dún 2011 ni Nnedi Okorafor, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, gbé ìwé ìtàn Akata Witch jáde, lórí Sunny tí wọ́n bí ní New York, tí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní Aba ń fi ọ̀rọ̀ náà bú. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Nàìjíríà, What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà lójú èèpo ìwé, àwa ò tíì yọ ọ́ lẹ́nu.

Kò sì sí pé kò ṣeé ṣe. Láti ọdún 1974 ni Buchi Emecheta, ọmọ Nàìjíríà tó gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ ìwé ìtàn Second-Class Citizen. Adah, obìnrin inú ìwé náà, ń wá yàrá ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń kọ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ọkọ rẹ̀, ọmọ ilé wa, ló dáná sun ìwé tí Adah fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ojú ẹni tó dúró ni Emecheta fi kọ ọ́, torí òun náà dúró.

Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí ojú ewé ìtàn àròsọ yín sílẹ̀ fún àwa tá a fọ abọ́, tá a tọ́jú arúgbó, tá a dirun lókè òkun, ká fi Yorùbá kọ ọ́. Mo fi ìtàn kan sínú àpòòwé yìí, ojú ewé márùn-ún, ìtàn ọjọ́ kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá gùn jù, ẹ gé e bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ má gé ibi tí wọ́n ti ń ti irun bọ omi gbígbóná.

Èmi ni tiyín,
Onídìrí tẹ́lẹ̀rí, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn