Sí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọ́tísìmù

Ẹ̀yin ọmọ mi ní àwọn yunifásítì tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, ní Ìjàgun àti ní Ìlíṣàn,

Mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọ́tísìmù, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú ọpọlọ tó ń gba ọ̀rọ̀, ariwo àti ìbákẹ́gbẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ èèyàn. Inú mi dùn sí i gan-an. Mo ti kọ́ ọmọ níwèé ní Ìjẹ̀bú yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú ọmọ tí ẹ ń wí: èyí tó mọ gbogbo ohun tí olùkọ́ kọ sójú pátákó, àmọ́ tó jẹ́ pé òun nìkan ló máa ń dá jẹun, tí wọ́n ń pè ní agbéraga nítorí pé kì í kí èèyàn. A kì í wo àgbà lójú nílẹ̀ wa, nítorí náà ojú tí wọn kì í gbé sókè kò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ìkíni ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ohun tó ká mi lára jù ni pé kí ẹgbẹ́ náà jẹ́ tiwọn. Kó má di ẹgbẹ́ àwọn aláàánú. Bí wọn ò bá ju mẹ́ta lọ níbẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta yẹn ni kó yan ọjọ́, kí wọ́n yan yàrá, kí wọ́n yan ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní in, ẹ bá wọn gbé àga, ẹ bá wọn kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá wọn wá olùkọ́ tí yóò ṣe alábòójútó. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992, àwọn tó ní ọ́tísìmù fúnra wọn, Jim Sinclair àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló dá Autism Network International sílẹ̀. Ní 1996 wọ́n bẹ̀rẹ̀ àpéjọ tiwọn, Autreat. Níbẹ̀ nígbà náà, wọ́n máa ń so káàdì aláwọ̀ mọ́ra: pupa, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀; yẹ́lò, àfi ẹni tí mo mọ̀; àwọ̀ ewé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀, mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ni. Páálí àti pínnì náà ni. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò.

Àwa Ìjẹ̀bú mọ ẹgbẹ́ í dá. Ẹ wo rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ lọ́jọ́ Ojúde Ọba, lẹ́yìn Iléyá: aṣọ kan náà, ìlù, ẹṣin, ìbọn, èrò rẹpẹtẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn wọn ẹgbẹ́ yìí. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù wà tí ariwo jẹnẹrétọ̀ máa ń ró sí bí ẹni pé inú orí wọn ni wọ́n tan án sí. Léèsì tó ń rin àwa lára díẹ̀ lè mú kí ẹlòmíì má lè ronú mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi aṣọ ẹgbẹ́ ṣe dandan. Ẹ wá yàrá tó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀. Bí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ pa á, kí ẹ ṣí fèrèsé. Ẹni tó bá ń mi ara síwá sẹ́yìn, ẹ fi í sílẹ̀, ìyẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Ẹni tó bá tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí fóònù dípò kó lanu, ó ti sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bó bá jẹ́ gàrí gbígbẹ àti ẹ̀pà nìkan ló lè jẹ, ẹ má fi ìkọ́kọrẹ́ ni ín lára.

Ẹ má yẹ ọjọ́ àti àkókò. Bí ẹ bá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kó má di aago márùn-ún. Ẹ ti fi ohun tí ẹ máa ṣe àti ìgbà tó máa parí ránṣẹ́ sórí WhatsApp ṣáájú. Wọ́n sún ìdánwò síwájú, wọ́n gbé kíláàsì lọ sí ibòmíì, ASUU yanṣẹ́ lódì: bí ilé ẹ̀kọ́ wa ṣe rí nìyẹn, ó sì ń da àwọn ọmọ yìí láàmú ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ó yẹ kí wọ́n ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí kò ní yẹ̀. Ẹ má sì jókòó ti ọ̀rọ̀ ọ́tísìmù nìkan. Ẹ ta ayò, ẹ ya àwòrán, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan nípa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rí ẹni tó máa gbọ́ ọ.

Ẹ má béèrè ìwé dókítà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àyẹ̀wò náà wọ́n, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò pọ̀, bí wọ́n bá sì dárúkọ Arò nílé ẹlòmíì, ìjà dé nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin míì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí wọ́n ṣe máa fi í pa mọ́. Ẹ gbà wọ́n. Ẹ má gbé fọ́tò wọn síta, ẹ má sì fi orúkọ ẹni tí kò bá fẹ́ sínú ìwé tí ẹ máa fi sọ́fíìsì.

Àwọn kan á fẹ́ wá ṣe àdúrà ìtúsílẹ̀ fún wọn. Ẹ dá wọn dúró pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ́tísìmù kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Nígbà kan, àwọn oníṣègùn òyìnbó gan-an dá ìyá lẹ́bi, wọ́n ní kò fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ tó, kí wọ́n tó wá rí i pé wọ́n ṣìnà. Èyí dùn mí fún àwọn ìyá náà.

Bí ọ́fíìsì bá ń fi yín ṣeré, ẹ dárúkọ òfin ọdún 2018 tó ka yíya àwọn tó ní ìpèníjà sọ́tọ̀ léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019. Òbí tí ẹ̀rù bá sì ń bà pé ẹgbẹ́ yìí á mú kí wọ́n máa nàka sí ọmọ òun, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó wá bá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwa àgbà á jọ sọ ọ́.

Èmi ni,
Ìyá yín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì.