Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ kú àsìkò yìí o. Tíṣà ni mo ṣe títí mo fi rìtáyà níbí ní Ìjẹ̀bú, kí n tó gbà yín nímọ̀ràn ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́: èmi gan-an ni mo máa ń gba fáìnì lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Fanákúlà la máa ń pè é, bí ẹni pé àìsàn ni. Ọmọ á mọ ìdáhùn, wàá rí i lójú ẹ̀, á kàn dákẹ́ torí òyìnbó ò tíì jáde, èmi á wá kọ òdo fún un.

Ohun tó ń dùn mí báyìí ni pé láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ púráímárì n'Ílé-Ifẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o, Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí iṣẹ́ kan, nígbà tí wọ́n sì dán wọn wò wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí irú ẹ̀ lọ́dún 2022, nígbà tó di 2025 wọ́n tún wọ́gi lé e. Èmi ò lágbára ìjà mọ́ jàre, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ ọmọ mi kan wá láti Èkó fún Ojúde Ọba, ó wé gèlè, ó ya fọ́tò bí ẹni máa kú lọ́la, ó sì dùn mọ́ mi, irọ́ kọ́. Lọ́jọ́ kejì ó bá ìyá àgbà ẹ̀ nídìí gààrí, ó fọwọ́ di imú: "Mama, ẹ̀gẹ́ yìí ti bàjẹ́ o." Ìyá rín in lẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ẹ̀gẹ́ rírin yẹn ti wà lábẹ́ òkúta, tó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré ni kò ní kan, gààrí tí ò kan kì í sì í ṣe gààrí Ìjẹ̀bú. Rírin yẹn, kíkan yẹn, omi tó ń ro jáde lábẹ́ àpò, àti iná agbada, àwọn ló ń lé májèlé inú ẹ̀gẹ́ lọ. Kẹ́mísírì pọ́ńbélé! Ìyá ò mọ orúkọ tí òyìnbó ń pè é, àmọ́ etí ló fi ń mọ̀ pé gààrí ti jinná, tó bá ti ń dún ṣàà ṣàà nínú agbada á ní "ó tó". Ọgbọ̀n ọdún tí mo fi kọ́ni, mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ rí.

Torí náà, ẹ gbé fóònù yẹn, ẹ lọ jókòó ti ìyá yín, kì í ṣe ti fọ́tò nìkan. Ẹ béèrè orúkọ ajọ̀, orúkọ ewé, ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é báyẹn, ẹ sì fi Ìjẹ̀bú gidi dá àwọn ọmọ yín lóhùn, kì í ṣe Yorùbá rédíò nìkan o.

Ìyá ní Sátidé tó ń bọ̀ lòun tún máa yan. Ẹni tó bá ń bọ̀ kó tètè dé, Ìyá kì í dúró de ẹni tó ń sùn.