Àṣàkẹ́, Má Tíì Wá Ìdí Rẹ̀

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Oorun ò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ tán. Kì í ṣe ẹkún tí o sun ni, ọ̀rọ̀ tí o sọ kẹ́yìn ni: "Mọ́mì, bóyá Ọlọ́run ti sọ nọ́ńbà mi nù." Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rí i rín. Mo bá ní kí n jókòó kọ ọ́ síwèé, torí bí mo bá ní kí n sọ ọ́ lórí fóònù, wàá ti ní "Mọ́mì, mo ti gbọ́" kí n tó dé ìdajì.

Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́. Ìdánwò ìṣirò owó tí pépà kan ṣoṣo gbé ọ ṣubú, lẹ́ẹ̀kejì. Fóònù tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ rẹ ní Òṣòdì. Lánlọ́ọ̀dù tó fi kún owó ilé. Àwọn àgbà ní bí ìyà ńlá bá gbéni ṣánlẹ̀, kéékèèké a máa gorí ẹni. Tìrẹ wá yàtọ̀: ńlá ò tíì dé, kéékèèké ti gorí rẹ jókòó. Mo dúpẹ́ pé ńlá ò dé, ṣùgbọ́n n ò ní sọ pé kí o má sunkún.

Ọ̀rẹ́ rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ewu kan ni Ọlọ́run rí níwájú tó fi ti ilẹ̀kùn ìdánwò náà. Inú rere ló fi sọ ọ́, ó sì lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un? Ẹni tí bọ́ọ̀sì fi sílẹ̀, tí bọ́ọ̀sì náà wá ní jàǹbá, á jáde wá jẹ́rìí, gbogbo wa á sì ṣe Àmín. Èmi náà máa ń ṣe é. Nínú mi lọ́hùn-ún ṣá, àwọn tó ráàyè wọ bọ́ọ̀sì náà ni mo máa ń rò. Àwọn náà gbàdúrà kí wọ́n tó jáde nílé. Ìdí tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ kò bá sọ, ẹ̀rù máa ń bà mí láti bá A sọ ọ́.

Ṣé o rántí ọdún tí o wọ JSS 1, tí a ò jẹ ẹran lọ́jọ́ Kérésì? N kò sọ ohun tó fà á fún ọ rí. Wọ́n gbé iṣẹ́ aṣọ ẹbí fún mi, ọgọ́ta àdìrẹ. Bí a ṣe ń rẹ ẹ́ nígbà gbogbo náà ni mo ṣe rẹ ẹ́, ṣùgbọ́n aró ò mú. Nígbà tí a sá a tán, ó rí ràkọ̀ràkọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ wá ní òun ò gbà á, owó òun lòun fẹ́. Mo fi àjọ mi san án, mo tún yá lé e. Ọdún méjì gbáko ni mo fi san gbèsè náà. Títí di òní, n ò mọ ohun tí Ọlọ́run fi ìyẹn ṣe. N ò rí oníbàárà tó dára jù nídìí rẹ̀, ẹ̀rí kankan ò sì tibẹ̀ jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo jókòó ti ìkòkò aró, mo ní, "Bàbá, èyí ò yé mi, inú mi ò sì dùn sí Ọ." Nígbà tó ṣe, mo dìde lọ tẹ ẹ̀bà, torí pé ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé láti ilé ìwé.

Ní Aké, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ìyá rẹ̀, Àfàlà, lọkàn mi máa ń lọ bá. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó wọn lẹ́rú ní Òṣogùn, tí wọ́n sì já ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá. Ìyá ò mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Àjàyí sílẹ̀ lójú òkun lọ́dún 1822, pé ó dé Freetown, pé ó kàwé, pé wọ́n fi í jẹ àlùfáà lọ́dún 1843. Gbogbo ìyẹn ń lọ, ìyá ń jí, ó ń sùn, láìmọ̀ bóyá ọmọ òun wà láàyè. Oṣù Kẹjọ ọdún 1846 ni wọ́n tó rí ara wọn ní Abẹ́òkúta wa yìí. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu wọn. Ọdún bíi 25, Àṣàkẹ́! Mo máa ń ronú kan àwọn ìyá Òṣogùn yòókù pẹ̀lú, àwọn tí ọmọ wọn ò padà wá. N ò ní àlàyé fún ìyẹn. Ọlọ́run kan náà ni mo ṣì ń pè láràárọ̀.

Wo Pọ́ọ̀lù náà, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16: ó fẹ́ lọ sí Bítíníà, Ẹ̀mí kò gbà fún un. Wọn ò kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ó kàn gba ọ̀nà mìíràn ni.

Nítorí náà, má lọ bá wòlíì kankan tó máa sọ fún ọ pé ìyá bàbá rẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Màmá wọ̀nyẹn ò mọ nǹkan kan nípa ìṣirò owó. Wá ẹni tó yege nínú pépà náà kó kọ́ ọ. Bí o bá fẹ́ ṣe àìsùn, ṣe é, ṣùgbọ́n gbé ìwé dání lọ. Ní ti owó ilé, bàbá rẹ máa fi díẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní kí n má sọ fún ọ, nítorí náà, ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ títí yóò fi dé.

Ìrẹsì ọ̀fàdà àti láfún wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń gbéra ní Kútọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tètè dé Òṣòdì lọ gbà á, kí o sì di fóònù tuntun yẹn mú dáadáa.

Èmi ni,
Ìyá rẹ